Omi ilá tó ń yọ̀ yẹn lè lẹ oògùn mọ́ èrìgì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo ilá yìí, Ọjà Akẹ̀sán níbí l'Ọ̀yọ́ la ti rà á, àmọ́ a ò sebẹ̀ lónìí, oògùn oníhóró tó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹnu la fẹ́ fi ṣe.

Kí ẹ gé e, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ìyẹn ò le. Ẹ wá da ẹtánọ́ọ̀lù (ọtí inú spirit) tàbí ásítóònù (omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́) sí omi tó ń fà yẹn, ẹ ó rí i tó máa dì fọ́nrán fọ́nrán. Mucilage nìyẹn. Ẹ gbẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ooru má ju 50°C lọ torí tó bá gbóná jù ó máa pọ́n, kò sì ní fà mọ́. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ oògùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ di hóró.

Ó yá, ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé! Ẹ máa ń kọ́kọ́ ti hóró yẹn bọ omi kó lè yọ̀, pé bó bá ṣe ń yọ̀ tó ló ṣe máa lẹ̀ tó. Rárá o! GBÍGBẸ NI KÓ DÉ ARA ÈRÌGÌ! Tó bá gbẹ, òun fúnra ẹ̀ ló máa fa omi lára ikun tó bo èrìgì, á wú, àwọn fọ́nrán gígùn inú ẹ̀ á wá nà, wọ́n á wọnú ikun yẹn lọ, àwọn ẹ̀ka kéékèèké ara wọn tí wọ́n ń pè ní hydroxyl àti carboxyl á sì fi hydrogen bond, ìyẹn ìdè kéékèèké, di mucin, èròjà tó ń mú kí ikun máa fà, mú. Tó bá ti mumi yó tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí ló tún fẹ́ fà? Á kàn yọ̀ ni, itọ́ á gbé e lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni abọ́ ọbẹ̀ ilá. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, omi lásán ti tó, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó, kànrìnkàn á fẹ́ẹ̀ já! Ilá kan náà ni o. GBÍGBẸ!

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé tí hóró yẹn bá dúró lára èrìgì, oògùn á máa jáde díẹ̀díẹ̀, á gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, kò ní kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ kọjá, níbi tí èyí tó pọ̀ nínú àwọn oògùn kan ti máa ń ṣòfò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi mucilage so hóró tí wọ́n ń gbé mì pọ̀, ẹ rọra fi sí i, tó bá pọ̀ jù hóró yẹn ò ní tètè tú nínú ikùn. Kẹ́ ẹ sì dé ìyẹ̀fun yín pa dáadáa, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, kíá ló ń bu.