Eegun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Dé, Àtèyí Tí Ẹ̀jẹ̀ Kì í Dé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Eegun itan adìẹ ni mo mú dání yìí. Ohun funfun tó ń dán lórí rẹ̀ ni eegun rírọ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní eegun bisikíìtì. Abẹ́ rẹ̀ ni ojúlówó eegun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fara kanra, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa wà lónìí.

Mo ti rẹ eegun kejì sínú fíníkà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́: ó rọ̀ bíi rọ́bà. Fíníkà ti fa kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, jáde nínú rẹ̀; fọ́nrán rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn ló kù. Bó bá jẹ́ iná la jù ú sí, fọ́nrán yẹn ni ìbá jó, èyí tó ṣẹ́ kù á sì máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Àfi kí méjèèjì pé kí eegun tó lè gbé wa.

Ẹ má sì rò pé òkúta ni eegun. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, inú mùdùnmúdùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń mọ ọ́n bíi bíríkìlà, àwọn mìíràn ń wó ògbólógbòó ibẹ̀. Àwọn bíríkìlà kan tiẹ̀ máa ń mọ ara wọn mọ́nú ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n á sì máa gbé.

Eegun rírọ̀ ní tiẹ̀ kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá, kò sì ní èyí tó ń gbé ìrora. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ló wà létí, nímú, ní gògóńgò, láàárín eegun ẹ̀yìn. Ní orúnkún, omi tó ń yọ̀ bíi funfun ẹyin ló ń bọ́ ọ. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde lára rẹ̀; bí a bá gbé e, á tún fa omi mu bíi kànìnkànìn. Torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ ló fi jẹ́ pé tó bá ti ya tàbí tó bá jẹ, agbára káká ló fi ń san, nígbà tí eegun tó ṣẹ́ á so pọ̀.

Nípa ìsopọ̀ yẹn, àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á sì máa wo bó ṣe ń san. Eegun rírọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù sójú ibi tó ṣẹ́, kó tó le di eegun gidi. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má di igi tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ aláìsàn ró le jù. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á kú, wọ́n á sì gé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ṣe ń ga. Nítòsí orí àwọn eegun gígùn, eegun rírọ̀ ń pọ̀ sí i, ó ń le, eegun sì ń gba ipò rẹ̀, títí ọmọ fi bàlágà tán. Bí kálísíọ̀mù bá wọ́n, kò ní í le bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ ọmọ á tẹ̀ bí ọrun. Ní 1999, àwọn oníṣègùn tó wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Jos tẹ ìwádìí wọn jáde: kálísíọ̀mù wò wọ́n sàn ju fítámínì D, èyí tí oòrùn ń mú kí ara ṣe, nìkan lọ. Oòrùn wà, oúnjẹ ni kò pé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi ẹ̀kọ nìkan tọ́mọ; ẹ lọ ẹja wẹ́wẹ́ teegun-teegun sí i, ẹ fún wọn ní wàrà.

Nígbà tí mo parí, màmá kan béèrè bóyá kí òun jókòó sójú kan nítorí orúnkún tó ń dun òun. Mo ní, “Rárá, mà. Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, ẹ sinmi tó bá wú, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ìgbà tí ẹ bá ń rìn ni eegun rírọ̀ ibẹ̀ ń jẹun.”