Ta Ló Tọwọ́ Bọ̀wé? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ìlérí ọ̀gá kì í gba òṣìṣẹ́ là. Àdéhùn tí ọ̀gá tọwọ́ bọ̀, tí ilé ẹjọ́ sì lè fi mú un, ni ká máa lé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Rana Plaza, ní Savar, lẹ́bàá ìlú Dhaka ní Bangladesh. Ilé alájà mẹ́jọ ni. Ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Wọ́n fi àjà kún un lókè láìgbàṣẹ, wọ́n sì kó ẹ̀rọ ìránṣọ àti jẹnẹrétọ̀ ńláńlá gorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé náà sán, gbogbo èèyàn sì rí i. Báǹkì tó wà nísàlẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun má wá. Àwọn aránṣọ ńkọ́? Àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n wọlé lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fi owó oṣù halẹ̀ mọ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ 24, iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ilé wó. Èèyàn 1,134 ló kú.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Ohun tí òṣìṣẹ́ báǹkì rí náà ni aránṣọ rí. Ẹgbẹ́ ni wọn kò ní: kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìkankan nínú iléeṣẹ́ aṣọ márààrún tó wà níbẹ̀. Àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tọdún 1981, ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ewu tó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó bá dúró sẹ́nu géètì pé òun ò wọlé, wọ́n á ti lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí gbogbo wọn bá jọ dúró, tí aṣojú sì ń sọ̀rọ̀ fún wọn, ta ni wọ́n fẹ́ lé?

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ká jẹ́ kí iléeṣẹ́ máa yẹ ara wọn wò. Irọ́ tó ń pààyàn nìyẹn! Ní Karachi, ní Pakistan, lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ aṣọ Ali Enterprises gba SA8000, ìwé ẹ̀rí tó ń sọ pé iléeṣẹ́ ń tọ́jú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kò tó oṣù kan sí i, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, iná sọ níbẹ̀. Irin dí fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ó lé ní 250 èèyàn tó kú. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló sábà máa ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni ẹ rò pé yóò kọ sílẹ̀?

Àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé IndustriALL àti UNI bá àwọn òǹrajà, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ ìránṣọ, ṣe lórí Bangladesh ní oṣù Karùn-ún 2013 yàtọ̀. Ẹnjiníà tí iléeṣẹ́ kò lè pàṣẹ fún ló ń yẹ ilé wò, wọ́n ń gbé èsì rẹ̀ síta, òǹrajà sì gbọ́dọ̀ rí i pé owó àtúnṣe wà. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn, iwájú onílàjà tí ilé ẹjọ́ lè fi ìdájọ́ rẹ̀ múlẹ̀ ló ń lọ. Lọ́dún 2016 ẹgbẹ́ gbé òǹrajà méjì lọ síwájú onílàjà ní ìlú The Hague, ní Netherlands. Ọ̀kan nínú wọn gbà láti san mílíọ̀nù 2.3 dọ́là. Ìlérí lásán kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni san irú owó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó orí olówó ni mo fẹ́ bọ́ sí, ṣùgbọ́n arákùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí owó oṣù bá gòkè, ṣé iléeṣẹ́ ò ní kó lọ sí orílẹ̀-èdè míì?”

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju èyí tí mo fẹ́ sọ lọ. Wọ́n lè kó lọ, bó bá jẹ́ oníléeṣẹ́ nìkan lẹ bá dúnàádúrà. Òǹrajà ló ń gé owó, òun náà ló ń kó ọjà kiri. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé: nígbà tó di 2023, àdéhùn ọ̀hún ti tẹ̀lé wọn dé Pakistan.

Àmọ́ ààbò nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí owó oṣù. Níbi ìdúnàádúrà, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí òǹrajà ń san lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ nínú iye yẹn, kí òǹrajà má sì lè gé nínú rẹ̀ bó bá ń nájà.