Nile Rodgers: Bí Ọ̀dọ́ Onígìtá Jazz Ṣe Di Òǹkọ̀wé Orin Pop àti Pùródúsà

Ẹ̀yin olùkọ́ orin àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ eléré tí ẹ péjọ síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí wọ́n fi gìtá jazz tọ́ dàgbà bá bọ́ sídìí orin pop, tí ó ń kọ orin fún ẹlòmíràn, tí ó sì ń darí bí wọ́n ṣe ń gbà á sílẹ̀. N kò ní sọ ọ́ ní gbogbogbòò. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, ìyẹn Nile Rodgers ará New York, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àwo, ẹnikẹ́ni nínú wa sì lè lọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ṣe ló kọ jazz sílẹ̀ torí owó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Jazz tó kọ́ wà nínú gbogbo orin tó sọ ọ́ di olókìkí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé e síbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952 ni wọ́n bí Rodgers. Fèrè àti klarinẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ mọ̀ nílé ẹ̀kọ́, ó sì ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó mú gìtá ní ọ̀kúnkúndùn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ted Dunbar, onígìtá jazz tó tún jẹ́ olùkọ́, ó sì gba ẹ̀kọ́ lábẹ́ ètò Jazzmobile ní Harlem, àdúgbò kan ní New York, èyí tí Billy Taylor, ọ̀gá nínú títẹ dùùrù jazz, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbowó lé lórí kì í ṣe jazz. Ó bá ẹgbẹ́ eléré Sesame Street, ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣàn, rìnrìn àjò káàkiri, lẹ́yìn náà ló wọ ẹgbẹ́ eléré ilé ìtàgé Apollo ní Harlem. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Apollo nígbà náà gbọ́dọ̀ lè tẹ̀lé olórin èyíkéyìí tó bá gun orí ìtàgé, kí ó ka orin lójú ìwé, kí ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ òun dákẹ́ kí ohùn olórin lè jáde. Bí ẹ bá bi mí, níbẹ̀ ni iṣẹ́ pùródúsà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kíkó ara ẹni níjàánu nítorí orin ẹlòmíràn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà nípa Dunbar. Ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀ yìí, ó ń ráhùn pé òde eré tí òun fẹ́ lọ, "Sugar, Sugar" ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ta. Orin ọdún 1969 ni orin yìí, ẹgbẹ́ akọrin inú àwòrán eré ọmọdé, the Archies, ni wọ́n fi orúkọ wọn gbé e jáde, ó sì tà wìtìwìtì. Lójú ọmọ tó ń fi òru kọ́ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gàn ni. Dunbar kò bá a kẹ́dùn. Ó sọ fún un pé orin tó bá ti wọ inú ogójì orin tó lókìkí jù lọ nílùú kì í ṣe orin yẹpẹrẹ, nítorí pé ó ń bá ọkàn àìmọye àjèjì sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Rodgers kọ "Everybody Dance". Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ sì ń ta á ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ni irú ìráhùn yìí kò jìnnà sí ẹnu yín. Ẹ ṣàkíyèsí pé Dunbar kò ní kí ó dín ìmọ̀ rẹ̀ kù. Ojú tó fi ń wo ẹni tó ń gbọ́ orin ló ní kí ó yí padà.

Ẹnì kejì tó yí i padà ni Bernard Edwards, ẹni tó ń ta gìtá béèsì, tí wọ́n pàdé ní 1970. Gìtá jazz oníkòtò gbàǹgbà ni Rodgers ń lò, èyí tí ìró rẹ̀ nípọn tí ó sì rọ̀. Edwards ló rọ̀ ọ́ pé kí ó fi ṣe pààrọ̀ Stratocaster, gìtá pẹlẹbẹ tí ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá, òun náà ló sì fi ọ̀nà títa tí a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí hàn án. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà yìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń gbìyànjú láti ṣe tí kì í jọ. Ọwọ́ ọ̀tún kì í dúró. Ó ń lọ sókè sódò nígbà mẹ́rin láàárín ìlù ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 16 nínú ìlù mẹ́rin, yálà okùn dún tàbí kò dún. Ọwọ́ òsì ló ń pinnu: bí ó bá tẹ okùn mọ́ igi, kọ́ọ̀dù á jáde, bí ó bá kàn fọwọ́ lé e láìtẹ̀ ẹ́, ìró gbígbẹ tó dà bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni a ó gbọ́. Okùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tín-ín-rín ni ó sì sábà máa ń lò, nítorí pé tí ó bá fi ti ìsàlẹ̀ kún un, yóò gba ààyè mọ́ béèsì Edwards lọ́wọ́. Onígìtá jazz tí ìka rẹ̀ ti mọ kọ́ọ̀dù kan náà ní ibi márùn-ún lórí igi gìtá nìkan ni irú yíyan bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ lọ́rùn.

Ẹ mú "Good Times", tí ẹgbẹ́ wọn tó ń jẹ́ Chic gbé jáde ní 1979. Kọ́ọ̀dù méjì ni orin náà dúró lé, Em7 àti A13. Ẹni tó bá kọ́ jazz mọ̀ wọ́n dunjú: méjèèjì ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn láti fi wá ọ̀nà lọ sí D, tí orin yóò sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Nínú "Good Times" a kì í dé D. Wọ́n tò wọ́n, wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún tò wọ́n, tó fi jẹ́ pé ara ẹni tó ń jó kò rí ibi tí ó ti lè dúró. Kò sí onífájì kan ní ilé ijó tó nílò láti mọ̀ pé A13 ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá fi A lásán rọ́pò rẹ̀, ẹ ó rí i pé adùn orin náà kò ní pé mọ́.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà gba àkókò díẹ̀. Rodgers àti Edwards ní òfin kan láàárín ara wọn pé orin kò gbọ́dọ̀ jáde àfi bí ìtumọ̀ mìíràn bá wà lábẹ́ èyí tí etí kọ́kọ́ gbọ́. "Good Times" dà bí orin fàájì pátápátá, ṣùgbọ́n inú àwọn orin ayé ọ̀wọ́n, ìgbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láti 1929 lọ, ni wọ́n ti yá díẹ̀ lára gbólóhùn rẹ̀, ní ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ń tò fún epo bẹntiróòlù. Ẹni tó bá fẹ́ jó lè jó. Ẹni tó bá fẹ́ ronú, ohun tí yóò rò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Le Freak". Alẹ́ tó kẹ́yìn ọdún 1977 ni olórin Grace Jones pè wọ́n wá sí ilé ijó Studio 54, àwọn aṣọ́nà kò rí orúkọ wọn, wọ́n sì lé wọn padà. Wọ́n lọ sílé, wọ́n gbé gìtá, wọ́n sì ń fi èébú tí kò ṣeé gbọ́ sétí kọ ègbè sí ẹni tó lé wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé orin náà dùn, wọ́n pààrọ̀ èébú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lápapọ̀ ló lò ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà láàárín ìparí 1978 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1979.

Iṣẹ́ pùródúsà fún ẹlòmíràn tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, Atlantic, Jerry Greenberg, fẹ́ fi àwọn olórin ńláńlá lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní rárá, kí ó fún àwọn ní àwọn tí òkìkí wọn kò tíì kàn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Báyìí ni wọ́n ṣe gba Sister Sledge, ọmọ ìyá mẹ́rin láti Philadelphia, wọ́n sì kọ "We Are Family" láti inú bí Greenberg ṣe júwe àwọn ọmọbìnrin náà. Ọgbọ́n gidi ni mo ka ìyẹn sí. Ní 1980 wọ́n ṣe àwo kan fún olórin Diana Ross, Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin Ross jáde, sì tún ìró àwo náà pò láìfi tiwọn ṣe. "Upside Down" inú rẹ̀ dé ipò kìíní síbẹ̀.

Ìgbà ọ̀dá dé bákan náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1979, àwọn tó kórìíra disco, irú orin ijó tí Chic ń ṣe, kó àwo rẹ̀ jọ ní pápá Comiskey Park ní Chicago, wọ́n sì fi ohun abúgbàmù fọ́ wọn lójú agbo. "Good Times" ṣì dé ipò kìíní ní oṣù tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Chic kò tún ní orin kankan nínú ogójì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá jẹ́ pé disco nìkan ló mọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀.

Rodgers kò parí síbẹ̀ nítorí David Bowie, olórin ará Ìlú Ọba. Bowie fi gìtá olókùn 12 ta orin kan fún un ní Switzerland, ó ní ijó ni òun fẹ́ kí ó jẹ́. Bí orin àwọn ará oko ni ó rí létí Rodgers. Ó tú kọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fi èyí tí ìmọ̀ jazz rẹ̀ mú wá rọ́pò, ó gbé e sókè lórí igi gìtá, ó sì já ìlù sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Orin náà ni "Let's Dance". Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ṣe odindi àwo náà ní sítúdíò Power Station ní New York, ó sì jáde ní oṣù Kẹrin 1983. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ó ṣe "Like a Virgin" fún Madonna, àwọn tí wọ́n jọ wà ní Chic ló sì bá a ta ohun èlò níbẹ̀.

Nígbà tí a fi ààyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló ń jẹ owó jù nínú gbogbo èyí, ẹni tó ta gìtá ni àbí ẹni tó kọ orin?" Mo dá a lóhùn pé ẹni tó bá kàn wá ta gìtá ní sítúdíò sábà máa ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni, nígbà tí owó ń wọlé fún òǹkọ̀wé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún orin náà lò. Ní 1979 kan náà, ẹgbẹ́ olórin rap kan, Sugarhill Gang, gbé "Rapper's Delight" jáde, orí ìró béèsì àti gìtá "Good Times" ni wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rodgers gbọ́ ọ ní ilé ijó, ó yà á lẹ́nu, òun àti Edwards sì halẹ̀ mọ́ wọn pé àwọn yóò gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà nítùbí ìnùbí, orúkọ Edwards àti Rodgers ló sì wà lábẹ́ orin yẹn gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé rẹ̀ títí di òní.