Ẹ Yé Sọ “Ẹnikẹ́ni” Lórí Rédíò

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo bá àwa olùyọ̀ǹda ara-ẹni tí à ń kọ Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lédè Yorùbá sọ nígbà tí a péjọ ní Ìbàdàn. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Orí kókó kan ṣoṣo ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù, ìyókù sì sáré kọjá, ẹ óò rí i. Mi ò tún un tò. Àwọn ibi tí mo ti ń wá ojú ìwé mi nìkan ni mo yọ.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn tí ẹ ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo rí yín. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ ṣáà má kọ nǹkan kan nípa mi.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà wa ń pe rédíò. Àpótí tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ilé ló kọ́kọ́ dé, Èkó lọ́dún 1935, Ìbàdàn níbí lọ́dún 1939. Àpótí ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń gbọ́. Bó bá purọ́, o lè bú u, kò ní mọ̀. Lóde òní fóònù ti sọ ọ́ di agbèsì, ẹ̀yin tí wọ́n ti bú rí láàárín ètò mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n Wikipedia tí à ń lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, èsì lásán ni wọ́n fi kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀: ẹnìkan kọ, ẹnìkan dá a lóhùn, ẹnìkan pa á rẹ́, ẹnìkan dá a padà. Báwo la ṣe ń sọ ìyẹn fún ẹni tó ń gbọ́ rédíò nínú mọ́tò láàárọ̀? A kì í sọ ọ́ dáadáa. Èmi náà kò sọ ọ́ dáadáa.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí, ètò tí àwọn olùgbọ́ máa ń pè wọlé sí ni. Atọ́kùn ètò bi mí pé, “Bọ̀dá, ta ló ń kọ ìwé-ìmọ̀ yìí gan-an?” Mo ti há ìdáhùn sórí. Mo ní, “Ẹnikẹ́ni.”

Ó ní, “Ẹnikẹ́ni bíi báwo? Èmi náà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi tiẹ̀ ń dùn.

Ó ní, “Ọmọọ̀ta tó wà ní gáréèjì ńkọ́?”

Mo ní, “Òun náà, bó bá ti ní dátà.”

Ó dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ lórí rédíò dà bí ìgbà tí iná lọ. Mo wá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe, mo ní ojoojúmọ́ là ń ṣàtúnṣe sí i. Ó ní, “Háà, ó ti bàjẹ́ ni?” Kí n tó dáhùn, bàbá kan ti pè láti Mọ́níyà. Wọn ò kí èmi rárá, atọ́kùn ni wọ́n kí. Wọ́n ní, “Ẹ bá mi bi ọmọ yẹn: àgbo tí ẹnikẹ́ni lè bu nǹkan sí, ta ló fẹ́ mu ún?”

Títí mo fi délé, mi ò rí èsì fún bàbá yẹn.

Mo ti wá rí i. Bàbá yẹn kò bínú sí Wikipedia. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni wọ́n dáhùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “anyone can edit” tí wọ́n fi ń júwe Wikipedia ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí. Létí Yorùbá, “ẹnikẹ́ni” túmọ̀ sí pé kò lólùtọ́jú. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, ààtàn ni. A wá ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sára aṣọ. Mo rí mẹ́ta tí wọ́n wọ̀ ọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ọ, mò ń fi ṣàlàyé ni.

Nígbà kejì, ní ilé-iṣẹ́ rédíò mìíràn, ìbéèrè kan náà wá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń dá àjọ?” Wọ́n ní ta ni kì í dá àjọ. Mo ní, “Káàdì tí alájọ fún yín, kí ló wà lára rẹ̀?” Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn dá a, iye tí àwọn dá, àti àmì ọwọ́ alájọ. Mo ní, “Kò sí ojú ìwé tí kò ní káàdì bẹ́ẹ̀ ní Wikipedia. Ẹ lọ sókè ojú ìwé, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ *Wo ìtàn* sí. Ọwọ́ tó bá ti kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ohun tó fi kún un àti ohun tó yọ. Bí ẹnìkan bá da ẹrẹ̀ sí i, ẹlòmíràn á dá a padà sí bó ṣe wà, ọwọ́ àwọn méjèèjì á sì hàn.”

Wọ́n ní, “Áà! Ẹ ní káàdì.”

Ẹ gbọ́, ibi tí ẹjọ́ mi wà nìyẹn. Ẹ má sọ ẹni tó lè kọ ọ́. Ẹ sọ pé ọwọ́ tó bá kàn án ń hàn. Àwọn ará wa kan máa ń sọ fún mi pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ń ṣèlérí nípa èèyàn, a ò sì lágbára lórí èèyàn. Èkejì ń sọ nípa ìwé, olùgbọ́ sì lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ètò tó parí. Mo tiẹ̀ máa ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo ṣì wà lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ sì sọ ọ́ dé ibi tó mọ. Orúkọ ìnagijẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò níbẹ̀. Ẹ má sọ fún ará ìlú pé ojú ń hàn. Ọwọ́ ló ń hàn.

Àwọn kan nínú wa, mi ò dárúkọ, wọ́n jókòó lápá ọ̀tún mi, wọ́n ní kí n yé sọ ìtàn Seigenthaler lórí rédíò, pé mò ń ba ọjà jẹ́. Ọjà wo? Kí ni à ń tà? John Seigenthaler, àgbà oníròyìn ní Amẹ́ríkà, tó ti bá Robert Kennedy ṣiṣẹ́ rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnìkan kọ ọ́ sínú Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n fura sí ọkùnrin náà lórí ikú àwọn Kennedy méjèèjì, Ààrẹ John Kennedy àti Robert àbúrò rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Irọ́ náà wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn USA Today ní oṣù kọkànlá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó ṣe é? Nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì (IP) tó wà nínú ìtàn ojú ìwé yẹn ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn títí dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ní oṣù kejìlá, ó ní òun ń fi bá ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàwàdà ni.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí ó nà mí, ó sì gbè mí. Ọwọ́ hàn, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yọ irọ́ náà. Káàdì àjọ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, pátákó lásán ni. Ẹ tún wo èyí: oṣù kejìlá yẹn gan-an ni Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ojú ìwé tuntun mọ́. Àwọn ojú ìwé kan tiẹ̀ wà tí wọ́n tì pa. Nítorí náà “ẹnikẹ́ni” tí ẹ tẹ̀ sára aṣọ yìí, kì í ṣe òótọ́ délẹ̀ láti ọdún 2005. Ẹ sọ ìtàn náà kí atọ́kùn tó sọ ọ́. Bí òun bá kọ́kọ́ mú un jáde, ẹ ti di ẹlẹ́jọ́. Bí ẹ̀yin bá kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹlẹ́rìí ni yín.

Nígbà tí mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó máa ń fa ìwádìí *Nature*, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì nì, yọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo yín ti lò ó: àyọkà 42 lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àṣìṣe bíi mẹ́rin nínú àyọkà Wikipedia kọ̀ọ̀kan, bíi mẹ́ta nínú ti ìwé-ìmọ̀ Britannica. Ọdún 2005 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń dìbò. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì wò, kì í ṣe tiwa. Àyọkà tiwa lé ní 30,000, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìlà méjì: “Lágbájá jẹ́ òṣèré ọmọ Nàìjíríà.” Ó tán. Àwọn Hausa tó wà lẹ́yìn wa tẹ́lẹ̀ ti kọjá wa. Ẹ má fi agbádá ẹlòmíràn lọ ya fọ́tò.

(Ibí ni alága ti gbé bébà sókè: ìṣẹ́jú márùn-ún.)

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sáré. Wọ́n á bi yín pé ta ló ń sanwó. Ẹ dáhùn láìfọ̀rọ̀ gùn: àjọ kan ní San Francisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ló ń bójú tó ẹ̀rọ rẹ̀, owó tí àwọn òǹkàwé ń dá ni wọ́n ń ná, wọn ò gba ìpolówó ọjà, wọn kì í sì san owó àyọkà fún wa. Wọn ò ní gbà yín gbọ́. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ló máa ń wọ́n jù. Wọ́n á ní kí ẹ kí Assange, ẹni tó dá WikiLeaks tó ń tú àṣírí ìjọba síta sílẹ̀. Ẹ sọ pé WikiLeaks kì í ṣe ìbátan wa. “Wiki” tó wà lórúkọ àwa méjèèjì, ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii ni, “kíákíá” ló túmọ̀ sí. Ẹnìkan á pè pé òun ti sanwó fún ẹni tó ní òun á “ṣe Wikipedia” fún òun. Ẹ sọ fún un lórí afẹ́fẹ́ pé ẹni tó ń gbowó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, òfin ìlò wa ló wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ṣèlérí pé wọn ò ní pa á rẹ́ ti parọ́. Ọ̀rọ̀ ọba àti ilé ọlọ́mọọba: ẹ má dá ẹjọ́ oyè lórí rédíò. Ẹ fẹ́ padà sílé.

Mo fẹ́ tún padà sórí káàdì àjọ, alága ní rárá, ìbéèrè ló kàn.

Màmá kan dìde láàárín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O ní ọwọ́ tó bá kàn án ń hàn. Ọwọ́ tí kò kàn án ńkọ́?”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ là á yé mi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn ń rẹ aró, iṣẹ́ tí ìyá wọn kọ́ wọn, wọ́n mọ elú tó dáa àti èyí tó ti kọjá àsìkò láti ibi òórùn. Àwọn jókòó láti kọ ọ́ fún Wikipedia. “Ọ̀kan nínú yín sì ní, ‘Ìtọ́kasí dà?’ Ṣé kí n fa ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá síwájú kọ̀ǹpútà ni?”

Gbọ̀ngàn hó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin: pé a kì í gbé ìwádìí tuntun kalẹ̀ níbẹ̀, pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ti jáde níbìkan tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà: Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ní Kánádà, gba ẹ̀bùn Nobel ní oṣù kẹwàá 2018, kò sì ní ojú ìwé kankan ní Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, ẹnìkan ti kọ àkọsílẹ̀ kan lórí rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á wọlé ní oṣù karùn-ún, wọ́n ní ìtọ́kasí rẹ̀ kò tó.

Màmá ní, “Ìyẹn gba Nobel ní ìgbẹ̀yìn. Ta ló máa fún aláró ní Nobel?”

Mi ò fèsì, kò sí èsì. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ kan bí ìgbà tí kò tó nǹkan, nígbà tí wọ́n ti ń jókòó: “Ìyá náà sì ti sọ gbogbo rẹ̀ lórí rédíò rí.”

Mo ní, “Ẹ dúró, Mà. Rédíò wo? Ọdún wo?”

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí gbọ̀ngàn ṣe yí padà. Torí bí ó bá ti jáde lórí rédíò, ó ti jáde nìyẹn. Òfin Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a tọ́ka sí ohùn, bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán gbé e sáfẹ́fẹ́ tàbí tọ́jú rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà. Iye aláró, iye ọdẹ, iye onílù tó ti jókòó níwájú máìkì ní ìlú yìí, tí atọ́kùn dárúkọ wọn, tó dárúkọ ìlú wọn, tó sọ ọjọ́! Atọ́kùn ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ ìtọ́kasí láìmọ̀. Èmi sì ti lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó sí orí àga tí irú ìyá yẹn ti jókòó sí, mo sì ń sọ̀rọ̀ nípa ara wa.

Ìyókù àkókò kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní kí òun sọ òótọ́: inú fóònù òun ni àwọn ètò òun wà, bí àyè bá kún, òun á pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ rédíò kò ní gbà láti fi ohùn wọn tọrẹ. Mo ní a ò nílò kí wọ́n fi tọrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ohùn náà fúnra rẹ̀ sórí Wikimedia Commons, ibi tí a ń tọ́jú àwòrán àti ohùn sí, ìgbà yẹn ni ẹ nílò ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ tó gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tọ́ka sí i lásán, kí wọ́n ṣáà tọ́jú rẹ̀ síbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ ètò, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́. Nítorí náà, ìgbà mìíràn tí wọ́n bá pè yín sí rédíò, ẹ dáhùn ìbéèrè wọn, kí ẹ tó dìde, kí ẹ̀yin náà bi wọ́n ní ọ̀kan: níbo ni ẹ ń tọ́jú ètò yín sí?

Màmá tún nawọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ètò méjèèjì tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, ti bàbá Mọ́níyà àti ti káàdì àjọ, ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ?”

Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi, Mà.

Wọ́n ní, “Ìtọ́kasí dà?” wọ́n sì jókòó.