Àdánù Tó Ń Fi Ibi Tí Nǹkan Wà Hàn: Bí A Ṣe Ń Fi Ìgbì Wi-Fi Wá Ohun Tó Dí Ọ̀nà Nínú Ilé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gbogbo ẹni tó ń lo Wi-Fi nílé ló mọ ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í ti í já geere: ẹ̀yìn ògiri kan, ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, yàrá tó wà ní ìparí kọ́rídọ̀. A máa ń kùn, a sì máa ń gbé ráútà kiri. Ohun tí mo bá wá lónìí ni pé agbára tó sọnù yẹn kò sọnù lásán. Ìròyìn ni. Ó ń sọ pé ohun kan dúró sójú ọ̀nà, bí a bá sì kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ láti ọ̀nà tó pọ̀ tó, a lè mọ ibi tí ohun náà wà láìfojú rí i.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí a ń kọ ní dB, ni òṣùwọ̀n àdánù. Bí ìgbì bá pàdánù 3 dB, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Bó bá pàdánù 10 dB, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Bó bá jẹ́ 20 dB, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gbangba tí nǹkan kan kò dí i, ìgbì máa ń pàdánù bíi 6 dB nígbàkígbà tí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po méjì, nítorí ṣe ló ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èyí tó bá lé lórí ìyẹn ni tiwa. Ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń pín yàrá ní Amẹ́ríkà lè gba bíi 3 dB. Ògiri kankéré lè gba 10 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin a máa ta ìgbì padà. Ara ènìyàn, nítorí omi tó pọ̀ nínú rẹ̀, a máa mu nínú ìgbì 2.4 GHz (èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà bílíọ̀nù 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí Wi-Fi ń lò.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kò lè fi ibi tí nǹkan wà hàn. Bí 8 dB bá sọnù láàárín ẹ̀rọ méjì, a mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ èyí ló wà tàbí ọ̀dọ̀ tọ̀hún. Ẹ wo ìyá mẹ́ta tó ti ọjà dé. Ọ̀kan ra abọ́ ata rodo kan àti abọ́ tòmátì kan, ó san 3,500 náírà. Èkejì ra tòmátì àti àlùbọ́sà, ó san 4,500. Ẹ̀kẹta ra rodo àti àlùbọ́sà, ó san 4,000. Kò sẹ́ni tó dá iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ fún wa, síbẹ̀ ó hàn: rodo 1,500, tòmátì 2,000, àlùbọ́sà 2,500. Àpapọ̀ owó tí ìyá kọ̀ọ̀kan san ni àdánù ojú ọ̀nà kan. Iye ọjà kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan nínú yàrá gbà lọ́wọ́ ìgbì. Johann Radon, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Austria, ti fi ìdí irú ìṣirò yìí múlẹ̀ láti 1917. Òun náà ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, tí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ orí aláìsàn wò ní London ní 1971.

Ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, Joey Wilson àti Neal Patwari, gbé ìṣirò yìí wá sórí ìgbì rédíò, irú èyí tí Wi-Fi jẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n to ẹ̀rọ rédíò kéékèèké 28 yí ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan ká, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta síra wọn. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, àwọn 27 yòókù á gbọ́, wọ́n á sì wọn bí ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe lágbára tó. Ó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ 28 ń bí ojú ọ̀nà 378 tó ń dábùú ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ wọn gbogbo rẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣófo. Bí ènìyàn bá wọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ti ìṣáájú kúrò nínú tuntun, èyí tó ṣẹ́kù á sì tọ́ka sí ibi tí ẹni náà dúró sí.

Kọ̀ǹpútà á gé ilẹ̀ náà sí igun mẹ́rin kéékèèké, á sì wá iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà kí ìṣirò tó bára mu. Ìṣòro rẹ̀ ni pé igun tí a kò mọ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ojú ọ̀nà tí a wọ̀n lọ, àṣìṣe bíńtín sì lè sọ àwòrán di rúdurùdu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á láṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí àwọn igun tó múlé ti ara wọn jọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àwòrán náà kì í ṣe fọ́tò. Àbá tó bá ẹ̀rí mu jù lọ ni.

Inú ilé gan-an ni wàhálà wà. Níbẹ̀, ìgbì kì í gba ọ̀nà kan dé. Òmíràn á wá tààrà, òmíràn á kọ́kọ́ lu ògiri, òmíràn á lu òrùlé, gbogbo wọn á wá pàdé lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gbọ́. Ìgbì 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5. Bí ọ̀nà tí ọ̀kan gbà bá fi ìdajì ìyẹn gùn ju ti èkejì lọ, àwọn méjèèjì lè pa ara wọn. Ẹ sún fóònù díẹ̀, agbára á padà dé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ènìyàn lè dúró sójú ọ̀nà kí agbára sì pọ̀ sí i dípò kó dín kù, torí pé ẹni náà ti dí ìgbì tó ń pa èkejì. Ilé tiwa tó kún fún páànù, irin fèrèsé àti géètì onírin kò mú un rọrùn rárá.

Wilson àti Patwari wá yí ìbéèrè padà. Wọn kò wo bí agbára ṣe dín kù tó mọ́. Bó ṣe ń yí padà tó ni wọ́n ń wò. Wọ́n to ẹ̀rọ 34 sí ìta yí pálọ̀ ilé kan ká. Ojú ọ̀nà tí ẹni tó ń rìn ń dábùú á máa lọ sókè sódò, èyí tí kò kàn án á dúró jẹ́ẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ògiri kì í rìn, kọ́bọ́ọ̀dù kì í rìn. Ọ̀nà yìí kò lè rí wọn.

Bí ohun tó dí ọ̀nà kò bá rìn, ẹ̀rọ ni kó rìn. Iṣẹ́ tí Yasamin Mostofi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe ní Yunifásítì California ní Santa Barbara nìyẹn. Rọ́bọ́ọ̀tì méjì á máa rìn lọ ní ìta, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, èkejì ní òdìkejì. Ọ̀kan ń fi Wi-Fi ránṣẹ́, èkejì ń wọn agbára rẹ̀. Ní 2017, òun àti Chitra Karanam fi dúróònù méjì ya àwòrán ohun tó wà lẹ́yìn ògiri bíríkì, pẹ̀lú gíga, ìbú àti òòró rẹ̀. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé àlàfo ló pọ̀ jù nínú ilé, nítorí náà ìwọ̀n díẹ̀ lè tó fún ìṣirò náà.

Panápaná tó ń wá ẹni tó há sínú èéfín nílò irú ìmọ̀ yìí. Àgbàlagbà tó ń dá gbé, tó lè ṣubú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ ráútà yín láti ìta náà lè lò ó. Pásíwọ́ọ̀dù kò dí i lọ́nà, nítorí kò nílò láti ka ọ̀rọ̀ yín. Bí ìgbì ṣe lágbára tó nìkan ló ń wọ̀n. Èmi gbà pé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú ilé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbì wo inú rẹ̀, òfin sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó gbilẹ̀.

Ẹnìkan béèrè bóyá òun lè dán an wò nílé láìra nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá áàpù tó ń fi agbára Wi-Fi hàn ní dBm (ìyẹn agbára tí fóònù gbà, tí a fi dB kà) sórí fóònù Android. Ẹ dúró ní mítà 2 sí ráútà, ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ní mítà 4. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ máa sún fóònù díẹ̀díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà bíi mẹ́wàá, kí ẹ sì mú ìpíndọ́gba rẹ̀, torí àwọn ìgbì tó ń pa ara wọn. Ká ní àlàfo lásán ni, bíi 6 dB ni ì bá lọ. Bí 15 bá lọ, ohun tó wà láàárín mítà 2 àti mítà 4 ló ṣeé ṣe kó gba 9 tó kù.