Bí Ẹ Ṣe Máa Múra Gígun Òkè Kí Ẹ Tó Kúrò ní Èkó

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹni tó bá na ọjà Balógun láàárọ̀ ṣúlẹ̀ lè rin kìlómítà 6 kó má fura. Ìdí nìyẹn tí ará Èkó fi ń gbọ́ pé òkè kan ò ju kìlómítà 6 lọ, tí á sì wọ sálúbàtà lọ síbẹ̀. Gígùn ọ̀nà kọ́ ló ń dá èèyàn lágara lórí òkè, gíga rẹ̀ ni.

William Naismith, ará Scotland kan tó máa ń gun òkè, fi ìṣirò kan lélẹ̀ ní 1892 tó ṣì wúlò dòní: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ wá fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn sókè. Ká ní ọ̀nà yín jẹ́ kìlómítà 6, tí ẹ ó sì gun mítà 300. Ìṣẹ́jú 72 ni ti ìrìn, 30 ni ti gígòkè. Ó di 102. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkè ti mọ́ lára ni ìṣirò yìí wà fún, kò sì ka ìsinmi mọ́ ọn. Àwa tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti mọ́ lára, nínú oòrùn tiwa yìí, ẹ jẹ́ ká fi ìdajì lé e, ká tún fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún ìsinmi àti fọ́tò. Wákàtí 3 nìyẹn.

Níbo lẹ ti máa rí gíga náà? Ẹ wá máàpù tó ní ìlà gíga ilẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan so gbogbo ibi tó ga bákan náà pọ̀. Bó bá jẹ́ mítà 20 ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì, tí ẹ sì gun ìlà 15, mítà 300 náà nìyẹn. Bí ọ̀nà bá sọ̀ kalẹ̀ tó tún gòkè, ẹ ka ìgòkè kejì náà mọ́ ọn; ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já. Ilé ni kí ẹ ti gbé máàpù náà sórí fóònù. Fóònù lè mọ ibi tí ẹ wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àmọ́ kò lè fa máàpù wálẹ̀ láìsí i.

Nígbà tí ọ̀nà bá yí òkè po, ẹ yan ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ó gbà gòkè. Ẹ gba ibi tó ga fíofío lọ, kí ẹ gba ibi tó rọ̀ bọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, orúnkún àti itan ló ń dá gbogbo ìwúwo ara dúró, ó sì ti rẹ̀ wọ́n nígbà náà. Ẹ tún mú àkókò kan tí ẹ ó yí padà bí ẹ ò bá tíì dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn ìdajì, pípadà ti jìn ju títẹ̀síwájú lọ.

Èkó ò lókè, ṣùgbọ́n ó ní afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ ka àtẹ̀gùn èyí tó wà ládùúgbò yín. Bó bá jẹ́ 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 17, ìgòkè kan ò tó mítà 7. Kí ẹ tó gun mítà 300, ẹ ó gòkè rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 44. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10, kí ẹ máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé báàgì tí ẹ ó gbé lọ. Ẹ má sáré sọ̀; sísọ̀ náà ni itan ń kọ́.

Òkè Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí adágún omi wà lórí rẹ̀, dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n máa ń kà níbẹ̀; ti Ìdànrè lé ní 600. Ẹ sun Ìsẹ́yìn mọ́jú. Ẹni tó bá ní òun á ti Èkó jí lọ, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Berger á gbé e dé ìdí òkè lọ́sàn-án, nígbà tí àpáta ti gbóná. Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba afinimọ̀nà nílùú náà, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀.

Lítà 3 omi fún ẹnì kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́fà. Ẹ po lítà 1 nínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kó tẹ́jú, nítorí òógùn ń gbé iyọ̀ ara lọ. Bàtà tí ìdí rẹ̀ ti pá kò gbọdọ̀ tẹ àpáta. Ibi tó dúdú tí omi ń ṣàn kọjá ń yọ̀ bí ilá, kódà lẹ́yìn tí òjò ti dá. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró sábẹ́ igi. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí nígbà sísọ̀, orí bàtà ló máa ń gbá a.

Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ ó gbà, nọ́ńbà afinimọ̀nà àti àkókò tí ẹ ó sọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Bó bá di aago kan ọ̀sán tí kò gbúròó yín, kó pe afinimọ̀nà. Bí ìyẹn ò bá gbé e, kó pe 112.