Servilia: obìnrin tó wà láàárín Késárì àti àwọn tó pa á

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ọdún 44 ṣáájú Kristi, wọ́n gún Julius Késárì pa níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù. Brutus àti Cassius ló ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin tí a kì í sábà dárúkọ fún yín: Servilia. Òun ló bí Brutus. Ọmọ rẹ̀ ni Cassius fẹ́. Késárì tí wọ́n pa sì ti jẹ́ àlè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ máa wo àwòrán ìdílé tó wà lójú yín bí mo ṣe ń dárúkọ wọn.

Livia ló bí Servilia fún Servilius Caepio. Nígbà tí ìgbéyàwó yẹn tú ká, Livia fẹ́ ọkọ mìíràn, ó sì bí Cato. Iyèkan ni Servilia àti Cato nìyẹn. Ilé Drusus, arákùnrin ìyá wọn, ni wọ́n gbé dàgbà, kí wọ́n tó pa Drusus náà ní ọdún 91 ṣáájú Kristi (ṣáájú Kristi náà ni gbogbo ọdún tí mo máa dárúkọ).

Cato yìí kò fẹ́ràn Késárì rárá. Ní ọdún 63, níbi tí ìgbìmọ̀ ti ń jiyàn lórí ọ̀tẹ̀ tí Catiline dì láti gba ìjọba Róòmù, wọ́n mú ìwé kékeré kan wá fún Késárì. Cato fura, ó ní kí wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Késárì kàn nawọ́ ìwé náà sí i ni. Ìwé ìfẹ́ ni, iyèkan Cato gan-an ló kọ ọ́! Cato jù ú padà fún un.

Pompey, ọ̀gágun Róòmù kan, ló pa ọkọ àkọ́kọ́ Servilia, bàbá Brutus, ní ọdún 77. Síbẹ̀, nígbà tí ogun dé láàárín Pompey àti Késárì, ẹ̀yìn Pompey ni Brutus gbà lọ, níbi tí Cato, àbúrò ìyá rẹ̀, wà. Késárì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ pa Brutus. Àwọn kan ní ọmọ Késárì ni Brutus. Èmi ò gbà: nǹkan bí ọmọ ọdún 15 ni Késárì nígbà tí wọ́n bí i.

Servilia tún bí ọmọbìnrin mẹ́ta fún ọkọ kejì, Junius Silanus. Orúkọ ìdílé bàbá ni ọmọbìnrin ń jẹ́ ní Róòmù, nítorí náà Junia ni gbogbo wọn. Ọ̀kan fẹ́ Isauricus, tí òun àti Késárì jọ jẹ́ kọ́ńsùlù, ìyẹn olórí ìjọba fún ọdún kan, ní ọdún 48. Ìkejì fẹ́ Lepidus, ọwọ́ ọ̀tún Késárì. Ìkẹta fẹ́ Cassius.

Obìnrin kò lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, kò sì lè dìbò. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹfà ọdún tí Késárì kú, nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí Brutus àti Cassius lọ máa ra ọkà, tí Cassius sì ka èyí sí ìwọ̀sí, Servilia wà níbi ìpàdé wọn nílùú Antium. Ó ṣèlérí pé òun á mú kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọkà náà kúrò nínú àṣẹ ìgbìmọ̀. Cicero, ọmọ ìgbìmọ̀ náà tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, wà níbẹ̀, òun ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n kéde Lepidus ní ọ̀tá ìlú. Servilia bẹ Cicero nítorí àwọn ọmọ Lepidus, torí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Brutus náà kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ Lepidus ti di ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 42, Brutus kú níbi ogun Philippi. Atticus, ọ̀rẹ́ ẹbí náà, ló dúró ti Servilia lẹ́yìn náà.